Fídíò Ìyá Tí Kò Parí

Manchester,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kejì, 2005

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ooru Àbújá. Ṣé ara le? Ṣé ọjà ń lọ ní ṣọ́ọ̀bù fídíò yín ní Utako? Ẹ bá mi kí àwọn ará ilé ní Dutse Alhaji, tọmọdé tàgbà. Òtútù ibí ò jẹ́ kí èèyàn yọ imú síta, dókítà sì ti ní kí n má dìde lórí bẹ́ẹ̀dì àfi bí mo bá fẹ́ lọ sí balùwẹ̀. Oyún yìí ti kọjá ibi tí àwọn méjì àkọ́kọ́ dé kí wọ́n tó bọ́, àlìhámúdúlíláhì, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá. Bí ọmọ bá ti sinmi díẹ̀ láìtapá, ọkàn mi á ti fò sókè.

Ọ̀rọ̀ Ìyá ni mo tìtorí rẹ̀ mú bíírò. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ ọrùn wọn ní Gwagwalada, gbogbo ìgbà tí mo bá pè, ẹ ó ní dókítà ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀. Mo gbà. Iṣẹ́ abẹ ọrùn kì í ṣe eré. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kàn fi èékánná gbá fóònù kí n mọ̀ pé àwọn ni, ṣé ìyẹn náà le? Ẹ gbé fóònù sí wọn lẹ́nu kí n gbọ́ èémí wọn!

Yàkúbù ọmọ àbúrò yín sọ fún mi pé ẹ fi kámẹ́rà ya Ìyá lọ́jọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ, pé wọ́n jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, wọ́n sì bá mi sọ̀rọ̀ títí. Kí ló dé tí ẹ̀yin ò sọ fún mi? Fídíò yẹn ni mo fẹ́. Ẹ fi lápútọ́ọ̀pù mi àtijọ́ tí mo fi ránṣẹ́ ṣe é. Ẹ fi wáyà so kámẹ́rà mọ́ ọn, kó fa àwòrán inú téèpù wọlé, ẹ gé ibi tí kò dára, kí ẹ sì kó o sórí síídì. Lóòótọ́ ó ti gbó, ṣùgbọ́n òun ni mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ fídíò ìgbéyàwó tí mo wà níbí, ó sì sìn mí dáadáa.

Saeed ọkọ mi ní kí n kí yín. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ o, Bàbá. Ojú Ìyá ni mo fẹ́ máa wò bí mo ṣe sùn kalẹ̀ yìí.

Èmi ọmọ yín,
Ìdáyátù


Dutse Alhaji, Àbújá,
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta, 2005

Saeed ọmọ mi,

Ìwọ nìkan ni kó ka lẹ́tà yìí. Bó bá jẹ́ pé Ìdáyátù wà nítòsí, ká a kí o fi sápò.

Bí mo ṣe sọ fún ọ lórí fóònù náà ló rí. Ràdíátù ìyàwó mi ti lọ. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà tán, ó lajú, ó fọwọ́ júwe pé kí n fi omi kan òun létè. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, èémí rẹ̀ ò délẹ̀ mọ́. Kí wọ́n tó sáré síhìn-ín sọ́hùn-ún, Ọlọ́run ti gba ohun tó ni. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn la sin ín. A ti ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ. Èmi nìkan ló kù nínú yàrá yìí pẹ̀lú aṣọ rẹ̀ tó ṣì wà lára ìkọ́.

Saeed, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, kí Ìdáyátù má gbọ́. O mọ bó ṣe rí níléè wa: a kì í túfọ̀ ìyá fún aboyún. Oyún méjì ló ti bọ́ lára ọmọ yìí. Bí èyí náà bá bọ́, ọ̀nà wo ni kí n gbà? Gbogbo ẹbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti fẹnu kò sí i. Bó bá bímọ tán, tí ara rẹ̀ tutù, àwọn àgbà á jókòó, wọn á mọ bí wọn ó ṣe sọ ọ́.

Ó ń béèrè fídíò. Yàkúbù ló lọ la ẹnu rẹ̀, mo sì ti bú u débi tó yẹ. Ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ikú nínú téèpù yẹn, mi ò lè fi ránṣẹ́ bó ṣe wà. Màá gé e kúrò. Kí n tó gé e tán, ẹ̀rọ ni màá máa fi ṣe àwáwí. Àwáwí náà ò sì fi gbogbo ara jẹ́ irọ́, torí wàláì, lápútọ́ọ̀pù yìí ti fojú mi rí màbo.

Bàbá yín,
Múrítàlá Jàbárù


Dutse Alhaji, Àbújá,
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta, 2005

Àníkẹ́ mi,

Ìdáyátù ọmọ mi, o kú ìnira, o kú ìdùbúlẹ̀. Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ láyọ̀. Ìyá rẹ ń sinmi. Ó fọwọ́ júwe fún mi pé kí o máa jẹun, kí o yé máa fi omi tútù wẹ̀. Má ṣe ìyọnu kankan nípa tiwa.

Ẹ̀rọ rẹ yìí ńkọ́! Kai! Kí ni mo fi ṣe ọ́ tí o fi gbé àpótí aláìgbọràn yìí ránṣẹ́ sí mi? Kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti ń fi fídíò méjì àti tẹlifíṣọ̀n kan ṣe iṣẹ́ mi. Ọ̀kan ń ṣeré, èkejì ń gbà á sílẹ̀. Ohun tí mo bá fẹ́, mo jẹ́ kó kọjá. Ohun tí mi ò bá fẹ́, mo tẹ bọ́tìnnì, ó parí, kò sẹ́ni tó máa bá a nínú téèpù kejì títí ayé. Èwo ni ti kí èèyàn máa fi ọfà kékeré lé àwòrán kiri bí ẹni ń lé eku?

Mo so wáyà mọ́ ọn bí o ṣe wí. Ó ń fà á wọlé, inú mi ti ń dùn, àfi gbì, ó dúró. Ojú ìyá rẹ dì, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Mo tẹ eléyìí, mo tẹ tọ̀hún, kò dáhùn. Abẹ́ rẹ̀ gbóná tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bó itan mi. Mo pa á, mo tún un tàn, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ni kí n ṣe sí i?

Bàbá rẹ


Manchester,
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹta, 2005

Bàbá mi,

Ẹ kú ìfaradà. Mo rẹ́rìn-ín títí Saeed fi ní kí n rọra, nígbà tí mo ka ibi tí ẹ ti ń bú ẹ̀rọ. Ẹ má bínú sí i. Arúgbó ni, ẹ jẹ́ ká ṣe é bí arúgbó.

Ẹ má gbé e lé itan mọ́, ẹ má sì gbé e lé tìmùtìmù. Ẹ fi ìwé ńlá méjì gbé e sókè ní ọ̀tún àti òsì kí afẹ́fẹ́ lè wọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ da fáànù kọ ọ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku inú ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí eruku Utako nìkan tó pa á. Bí ẹ bá fẹ́ ṣiṣẹ́, ẹ pa gbogbo nǹkan mìíràn tó ṣí lójú rẹ̀. Ẹ wá kíyè sí ibi tó ti ń dúró. Bó bá jẹ́ ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ooru ni. Bó bá jẹ́ ibì kan náà ni nígbà gbogbo, a jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ṣètò dísìkì yẹn ni kì í jẹ́ kó gba fáìlì tó bá ti tóbi jù. Ẹ máa fà á wọlé ní ẹyọ-ẹyọ nígbà náà. Ẹ dá a dúró kó tó dé ibẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Ìyá ńkọ́? Ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ẹsẹ̀ wọn wú báyìí nígbà tí wọ́n lóyún mi. Bí ohùn ò bá tíì jáde, kí wọ́n kọ ọ́. Lẹ́tà yín dé láìsí ìlà kan láti ọwọ́ wọn, mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn, n kò rí nǹkan kan. Ọrùn ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, kì í ṣe ọwọ́! Mo ra ìborùn rírọ̀ kan tí wọ́n á máa fi bo ojú ọgbẹ́ náà.

Ìdáyátù


Dutse Alhaji, Àbújá,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹrin, 2005

Àníkẹ́,

Ara mi le díẹ̀. Ìyá rẹ ní ẹsẹ̀ òun wú gan-an nígbà tó lóyún rẹ, kí o máa gbé tìẹ lé ìrọ̀rí. Gíláàsì ojú rẹ̀ ló fọ́ ní ọsibítù, ìyẹn ni kò jẹ́ kó kọ̀wé. Fọkàn balẹ̀.

Òótọ́ lo sọ lórí ẹ̀rọ. Ibì kan náà ló ń dúró sí, ibi tí ìyá rẹ ti ń sọ pé kí o má jẹ iyọ̀ jù. Mo fà á wọlé ní ẹyọ-ẹyọ, ó sì wọlé tán. Ṣùgbọ́n wàhálà mìíràn ti dé. Bí mo bá jẹ́ kó ṣeré, ohùn rẹ̀ á lọ níwájú, ẹnu rẹ̀ á máa tẹ̀lé e lẹ́yìn. Bí mo bá sì ní kó so gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan, á rìn dé ìdajì, á kú. Bátìrì rẹ̀ ò mú iná dúró mọ́. Bí NẸ́PÀ bá ti mú iná lọ, iṣẹ́ àárọ̀ di òfo nìyẹn, jẹnẹrétọ̀ tí mo sì tàn ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tó ń da ẹ̀rọ náà láàmú.

Láràárọ̀ ni mò ń tàn án, ìyá rẹ á sì kí mi. Àwọn oníbàárà ń wọlé, mo ní kí wọ́n lọ ná. Mi ò ṣe iṣẹ́ mìíràn mọ́. Ó ti sú mi, ọmọ mi, ó sì tún dùn mọ́ mi, mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́.

Bàbá rẹ


Manchester,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù karùn-ún, 2005

Bàbá,

Mo kí yín o. Inú ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde.

Gíláàsì fọ́, Àbújá ńlá ò sì ní ibi tí wọ́n ti ń ra òmíràn? Mo pe ilé lọ́jọ́ Jímọ̀, Ìyá ń sùn. Mo pè lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Ìyá wà ní balùwẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ Saeed, ó ń wo ilẹ̀. Kí lẹ fi ń pamọ́ fún mi? Ṣé gẹ̀gẹ̀ yẹn ti di nǹkan mìíràn ni? Ṣé Ìyá ò lè sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé? Ẹ sọ fún mi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa lé e bá. Èmi kì í ṣe ọmọdé, Bàbá!

Ó dáa. Ẹ má so nǹkan kan pọ̀ mọ́. Ohùn tó ń sáré síwájú ẹnu, agbára ẹ̀rọ náà ni kò ká a, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i. Ẹ gé e bó ṣe wù yín, ẹ tẹ ibi tí wọ́n ti ń pa á mọ́, kí ẹ sì da odidi fódà náà, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ pátá, sórí dísìkì kékeré dúdú tó wà nínú báàgì rẹ̀. Ṣebí ẹ ní Ọ̀gbẹ́ni Titus, ará Kàbbà tó kọ́lé tì yín, tó ń ṣiṣẹ́ ní míníṣítírì, ń bọ̀ wá ṣe kọ́ọ̀sì níbí? Ẹ fún un. Èmi á parí rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì mi.

Ìdáyátù


Manchester,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù karùn-ún, 2005

Bàbá,

Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ forí jì mí bí ọ̀rọ̀ mi bá le. Agbára mi ń tán lọ. Lánàá, Ìdáyátù na ìborùn sójú mi, ó ní kí n wò ó bóyá àwọ̀ rẹ̀ á wu Ìyá. Mo ní á wù wọ́n. Mo lọ ṣí omi ẹ̀rọ ní balùwẹ̀ kó má baà gbọ́ ẹkún mi.

Ẹ jẹ́ ká sọ fún un. Bí ẹ bá kọ̀, mi ò ní sọ, ẹ̀yin lẹ bí i. Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń sùn tì í, èmi ni yóò sì kọ́kọ́ kórìíra.

Ọmọ yín, Saeed


Dutse Alhaji, Àbújá,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún, 2005

Àníkẹ́ mi,

Ọ̀gbẹ́ni Titus ló ń mú èyí bọ̀, pẹ̀lú dísìkì dúdú náà. Mo da gbogbo fódà sí i bí o ṣe wí. Mo ti gé ibi tí nọ́ọ̀sì ń kọjá àti ibi tí àwọn èèyàn ń pariwo lẹ́yìn, ó wá kúrú díẹ̀. Má wulẹ̀ ṣe àtúnṣe kankan sí i mọ́. Kó o sórí síídì bó ṣe wà, kí o máa wò ó, kí ara rẹ balẹ̀.

O bú mi, mi ò bínú. Aboyún ló ni ẹnu rẹ̀. Bá mi kí Saeed, sọ fún un pé kó ṣì ní sùúrù títí a ó fi gbọ́ ohùn ìkókó. Ìyá rẹ ń gbàdúrà fún ọ.

Bàbá rẹ


Manchester,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà, 2005

Bàbá,

Mo ti bímọ. Obìnrin ni. Saeed ti sọ fún yín lórí fóònù, ẹ sì ti gbàdúrà, ẹ ti bú sẹ́kún. Shakirah la sọ ọ́. Ó ń mu ọmú dáadáa. Mi ò gba fóònù lọ́wọ́ Saeed lọ́jọ́ náà torí mi ò fẹ́ kí ẹ tún parọ́ fún mi.

Ọ̀gbẹ́ni Titus gbé dísìkì náà dé nígbà tí ìkúnlẹ̀ mi ku díẹ̀. Saeed wà níbi iṣẹ́. Mo gbé kọ̀ǹpútà lé ẹ̀gbẹ́ mi, mo ṣí i. Ìyá jókòó, gèlè wọn wọ́ díẹ̀, wọ́n ń sọ pé kí n má jẹ iyọ̀ jù. Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún. Ó wá dé ìparí, mo rí i pé ẹ gé e lójijì. Ẹnu Ìyá ti là, wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn, ojú fídíò wá dúdú. Mo ní Bàbá mi ò tíì mọ̀ ọ́n gé. Mo fẹ́ jẹ́ kó rọra ṣá lọ, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, mò ń ṣe é lójoojúmọ́. Kéèyàn tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fa etí àwòrán náà gùn díẹ̀.

Bàbá, ti ẹ̀rọ yìí yàtọ̀ sí ti téèpù yín méjì. Ohun tí a bá gé ńbẹ̀ kì í lọ. Ó kàn ká sínú ni, bí télọ̀ ṣe ń ká etí aṣọ sínú. Mo fà á, Ìyá sì ń sọ̀rọ̀ lọ.

Ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ. Màá kọ ọ́ síbí kí ẹ tún kà á. Wọ́n ní: “Bàbá Ìdáyá, ẹ má tíì pa kámẹ́rà. Èyí gan-an ni mo fẹ́ sọ. Bí mi ò bá jáde láàyè níbẹ̀, ẹ má fi pamọ́ fún ọmọ mi. Nígbà tí mo lóyún rẹ̀, ìyá mi kú, gbogbo yín mọ̀, àfi èmi. Mò ń di èlùbọ́ ránṣẹ́ sí wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀ ń gbà á, ẹ̀ ń ní wọ́n kí mi kú oore. Nígbà tí mo délé, ẹni gbogbo ti sunkún tán, kò wá sí ẹni tó máa bá mi sun tèmi. Ẹ má ṣe é fún Ìdáyátù. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ sọ fún un.”

Mo wá gbọ́ ohùn yín lẹ́yìn kámẹ́rà. Ẹ ní: “Mo ti gbọ́, Ràdíátù. Èmi ni màá sọ fún un.”

Èmi ni mo sùn síbí tí mò ń kọ́ yín bí ẹ ó ṣe gbé ẹ̀rọ sókè, bí ẹ ó ṣe fà á wọlé, bí ẹ ó ṣe gé e. Mo kọ́ yín láti pa ìyá mi lẹ́nu mọ́. Ẹ sì ń kọ̀wé pé ìyá mi ń gbàdúrà fún mi! Pé gíláàsì wọn fọ́! Bàbá, báwo lọwọ́ yín ṣe ń kọ ọ́?

Mi ò sọ fún Saeed nígbà tó dé. Mo di inú mi mú, mo dákẹ́ títí mo fi bímọ. Oyún náà ò bọ́. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Mo gbọ́ ikú ìyá mi láti ẹnu wọn, oyún náà ò sì bọ́.

Mo ti sọ fún Saeed nísinsìnyí, ó sì ti wólẹ̀ bẹ̀ mí. Òun kọ́ ló ṣèlérí. Ẹ má ṣe kó àwọn àgbà ẹbí jọ nítorí mi, ẹ má rán ẹnikẹ́ni sí mi. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ ò tíì fi ẹnu ara yín sọ fún mi. Ẹ sọ ọ́.

Ìdáyátù


Utako, Àbújá,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù keje, 2005

Ìdáyátù ọmọ mi,

Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kí n tó ka lẹ́tà rẹ. Mi ò ní àwáwí. Mo ní mo ń dáàbò bo oyún, òótọ́ ni. Òótọ́ mìíràn ni pé bí mi ò bá tíì sọ fún ọ, ó dà bíi pé ẹnì kan ṣì wà láyé tí Ràdíátù ò tíì kú lójú rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹni yẹn wà. Ìwọ ni mo fi ṣe é, mi ò sì bi ọ́ léèrè. Má tíì dárí jì mí bí kò bá tíì wá látọkàn rẹ.

Mo ń sọ fún ọ báyìí, èmi Múrítàlá bàbá rẹ. Ìyá rẹ ti kú. Ọjọ́ keje oṣù kejì ni, ní Gwagwalada, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Èmi ni mo jókòó tì í. Ó di ọwọ́ mi mú, nígbà tó yá kò dì í mú mọ́. Mo pe orúkọ rẹ̀, kò dáhùn. Àwọn obìnrin wẹ̀ ẹ́, wọ́n wọ̀ ọ́ ní aṣọ funfun, Yàkúbù àti èmi la sọ̀kalẹ̀ sínú ibojì gbà á. Mo ṣí ojú rẹ̀ wò kí wọ́n tó da iyẹ̀pẹ̀. Ara rẹ̀ balẹ̀.

Gbé ọmọ fún Saeed, kí o sunkún, Àníkẹ́. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sun tèmi níbí, mi ò tíì sun ún láti ọjọ́ yẹn. Mi ò ní sọ fún ọ pé kí o dákẹ́.

Bàbá rẹ